Fèrè Páànù àti Orin Ìbílẹ̀ Ilẹ̀ Írẹ́lándì

Nínú gbogbo ohun èlò orin tí àwọn ará ilẹ̀ Írẹ́lándì ń lò, kò sí èyí tí owó rẹ̀ kéré tó ti fèrè páànù, kò sì sí èyí tí àwọn onímọ̀ orin kọ́kọ́ fojú tín-ín-rín bí i rẹ̀. Ihò mẹ́fà péré ni ó ní, àpò ẹ̀wù sì gbà á. Síbẹ̀, bí a bá ń sọ bí orin ìbílẹ̀ wọn ṣe bọ́ lọ́wọ́ ìparun láti nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, a kò lè fo fèrè yìí dá.

Feadóg stáin ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn. Fífọn irú fèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun láàárín wọn, nítorí àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú fèrè egungun jáde ní High Street nínú ìlú Dublin, tí ó ti wà láti ọ̀rúndún kejìlá. Ṣùgbọ́n eléyìí tí a fi páànù ṣe, ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá. Ní ọdún 1843 ni Robert Clarke, alágbàṣe oko kan ní abúlé Coney Weston ní ẹkùn Suffolk, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é tà. Ó gé páànù pẹlẹbẹ, ó ká a títí òkè rẹ̀ fi fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, ó fi ègé igi dí ẹnu rẹ̀, ó sì fi àlàfo tóóró sílẹ̀ kí èémí lè gba ibẹ̀ kọjá. Ìtàn ìdílé rẹ̀ sọ pé ẹsẹ̀ ni ó fi rìn dé Manchester, tí ó ń ṣe fèrè, tí ó sì ń tà á lójú ọ̀nà. Manchester ìgbà náà kún fún àwọn ará Írẹ́lándì tí ó wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tà á, abájọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ́ ní fèrè kọ́bọ̀. Ọmọdé, alágbàṣe àti alágbe ni ó ń fọn ọ́n. Irú fèrè olówó pọ́ọ́kú yìí náà ni àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ Johannesburg mú ní àwọn ọdún 1950, tí Spokes Mashiyane àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ orin kwela di olókìkí. Ṣùgbọ́n ìtàn ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Kí a tó lè mọ ìdí tí ohun yẹpẹrẹ bẹ́ẹ̀ fi di pàtàkì, ó yẹ kí a wo ipò tí orin Írẹ́lándì wà nígbà náà. Háàpù, èyí tí Bíbélì Yorùbá pè ní dùùrù, ni olórí ohun èlò wọn láyé àwọn ìjòyè àtijọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba agbára lọ́wọ́ àwọn ìjòyè wọ̀nyí, àwọn tí ń ta háàpù kò ní ọlọ́lá tí yóò máa bọ́ wọn mọ́. Nígbà tí a pe àwọn tí ó kù jọ sí Belfast ní 1792, ọmọ Írẹ́lándì 10 péré ni ó wá, afọ́jú sì ni 6 nínú wọn. Denis Hempson, ẹni tí ó dàgbà jù, ti lé ní 90 ọdún. Òun nìkan ni ó ṣì ń fi èékánná ta okùn bí àwọn ará ìṣáájú ti í ṣe. Edward Bunting, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19, ni a gbé iṣẹ́ kíkọ orin wọn sílẹ̀ lé lọ́wọ́. Ó ṣe é tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé náà jáde ní 1796, ó ti tún àwọn orin náà tò fún pianó. Ìwé gba orin náà là, ṣùgbọ́n kò gba ọwọ́ tí ń ta á là.

Lẹ́yìn èyí ni ìyàn ńlá dé. Ọ̀dùnkún òyìnbó, èyí tí àwọn ọlọ́jà wa ń pè ní Áírísì títí di òní, ni oúnjẹ tálákà ilẹ̀ náà. Ní 1845, àrùn kọlù ú lóko. Nígbà tí yóò fi di 1852, nǹkan bí mílíọ̀nù 1 ènìyàn ti kú, àwọn tí ó sì ti sá kúrò nílùú ju mílíọ̀nù 1 lọ. Àwọn ènìyàn tí wọ́n ju mílíọ̀nù 8 lọ ní 1841 kò tó mílíọ̀nù 7 mọ́ ní 1851. Níbi tí ebi ti ń pa ọmọ, ta ni yóò dá ijó sílẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fọn fèrè alápò àti àwọn tí ń ta gòjé òyìnbó bá ìyàn náà lọ. Ọdún 2 péré ni ó wà láàárín fèrè Clarke àti àrùn ọ̀dùnkún. Ẹni tí kò lè ra gòjé lè ra fèrè páànù, ẹni tí ó sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà lè fi sápò láìsanwó ẹrù.

Amẹ́ríkà náà ni a ti kó apá ńlá ogún náà jọ. A bí Francis O'Neill ní 1848 ní Tralibane, ní ẹkùn Cork. Ó fi ilé sílẹ̀ nígbà èwe, ó di atukọ̀, nígbẹ̀yìn ó di ọlọ́pàá ní Chicago, ó sì jẹ́ ọ̀gá àgbà wọn láti 1901 sí 1905. Ó mọ fèrè fọn, orin kì í sì í kúrò lórí rẹ̀ bí ó bá ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kíkọ orin sílẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá mìíràn, James O'Neill, ni ó ń bá a kọ ọ́: ọ̀gá á fọn, ọmọ iṣẹ́ á kọ. Wọ́n ní olórin Írẹ́lándì tí ó bá dé Chicago kì í pẹ́ kí ó tó rí aṣọ ọlọ́pàá wọ̀! Ní 1903, ìwé wọn jáde pẹ̀lú orin 1,850. Ní 1907, òmíràn tẹ̀ lé e, orin ijó 1,001 ni ó wà nínú rẹ̀. Èyí ni àwọn olórin wá ń pè ní Ìwé láìfi orúkọ kún un.

Ibí ni ọ̀ràn náà ti le. Ohun tí ó wà nínú Ìwé ni egungun orin. Ẹni tí ó bá mọ dò-rè-mí ti ṣọ́ọ̀ṣì yóò tètè mọ bí fèrè páànù ti ń ṣiṣẹ́: bí a bá fi ìka dí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, dò ni yóò dún, bí a bá ṣí ti ìsàlẹ̀ pátápátá, rè ni, bí a sì ti ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni a ó máa gòkè títí dé tì. Bí a bá fẹ́ èémí kíkankíkan, ohùn náà yóò fò sókè, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti dò. Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ń sọ ọ́ di orin Írẹ́lándì ni ohun tí ìka ń ṣe láàárín ohùn kan àti èkejì. Ìka kan á ṣí wéré, á tún padà. Òmíràn á gbá ihò lẹ́ẹ̀kan. Nígbà mìíràn méjèèjì á tẹ̀ lé ara wọn nínú ohùn kan ṣoṣo. Ohùn kan wà tí olórin gbọ́dọ̀ fò kí ó lè mí, mímọ èyí tí ó yẹ ní fífò sì jẹ́ ìmọ̀ fúnra rẹ̀. Jig a máa rìn ní mẹ́ta mẹ́ta, reel ní mẹ́rin mẹ́rin; méjèèjì sì ní apá méjì tí a ń tún fọn, ṣùgbọ́n afọnfèrè gidi kì í tún un fọn bákan náà. Ẹni tí ó bá fọn ún gẹ́lẹ́ bí O'Neill ti tẹ̀ ẹ́ yóò dún létí àwọn ará Clare bí àlejò tí ń ka èdè tí kò gbọ́.

Nílé pàápàá, orin náà rí ìdíwọ́. Òfin ọdún 1935 pàṣẹ pé ẹni tí yóò bá ṣe ijó ìta gbangba gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ní kóòtù. Àwọn àlùfáà fara mọ́ ọn, ijó inú ilé àti ti oríta sì dín kù gidigidi. Ní 1951 ni a dá ẹgbẹ́ Comhaltas Ceoltóirí Éireann sílẹ̀, tí ó ṣe àjọ̀dún orin rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Mullingar ní ọdún náà. Ní 1962, Paddy Moloney, tí ó mọ fèrè páànù àti fèrè alápò dáadáa, dá ẹgbẹ́ Chieftains sílẹ̀, wọ́n sì gbé orin náà yí ayé ká. Ìdíje Comhaltas fún ọ̀pọ̀ ọmọdé ní ìdí láti kọ́ fèrè. Ṣùgbọ́n ìdíje ní adájọ́, adájọ́ a sì máa fẹ́ ohun tí ó lè fi wé òmíràn, èyí tí kò dára fún àrà ọ̀tọ̀ àgbègbè kọ̀ọ̀kan.

Ó ṣẹlẹ̀ sí rere ní 1973, nígbà tí Micho Russell, àgbẹ̀ kan láti Doolin ní ẹkùn Clare, gba ipò kìn-ín-ní fún fèrè páànù. Fífọn tirẹ̀ kò ní ìka tí ń sáré. Ohùn díẹ̀ ni ó ń lò, a sì máa sọ ìtàn orin kan kí ó tó fọn ún. Ní 1979 ni Mary Bergin ti ẹkùn Dublin gbé àwo rẹ̀ jáde, Feadóga Stáin: eré ìka tí ó yá, tí ó mọ́ gaara. Ti Bergin ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ́ fara wé, kò sì ṣòro láti rí ìdí rẹ̀, nítorí ohun tí ó ń ṣe ṣeé kà, ó sì ṣeé kọ́. Ti Russell ni ó le láti fi kọ́ni, bí ó tilẹ̀ dà bí èyí tí ó rọrùn. Láti 1973 ni ilé ẹ̀kọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí a fi orúkọ Willie Clancy sọ ti ń pé jọ ní Miltown Malbay, kò jìnnà sí Doolin. Níbẹ̀, olùkọ́ fèrè a máa fọn gbólóhùn orin kan, àwọn ọmọ á fọn ọ́n tẹ̀ lé e, títí orin náà yóò fi pé. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ìwé, lẹ́yìn ìgbà náà ni a ń fún un.