Ẹni tí a Bẹ̀ àti Ẹni tí a Fi Agbára Mú: Ìtàn Iṣẹ́ Àjùmọ̀ṣe ní Ṣábẹ̀ẹ́

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Savè, ọba, ogun àti àwọn òkè ńlá ìlú wa ni a sábà máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, Oníṣábẹ̀ẹ́ wà lára àwọn méje tí ó pín ogún ní ìdílé Odùduwà. Ọba Ìbíní gba owó, Olúpópó gba ìlẹ̀kẹ̀, Oníṣábẹ̀ẹ́ sì gba agbo ẹran. Ìtàn náà kò sọ ẹni tí ó ń da ẹran náà fún un, kò sì sọ ẹni tí ó kọ́ ààfin tàbí ẹni tí ó ń ro ọ̀nà oko. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọba tí ó lè jọba lórí ìlú tí kò ní ọwọ́ tí ń ṣiṣẹ́.

Ìtàn àwọn ọwọ́ wọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ, nítorí òun ni gbòǹgbò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Ìbéèrè kan náà ni ó máa ń dìde níbi gbogbo tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà: èé ṣe tí àwọn kan fi ń yára dáhùn ìpè iṣẹ́ ìlú, tí àwọn mìíràn sì ń fi ara pamọ́? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn.

Ọ̀nà méjì ni àwọn Yorùbá gbà ń ran ara wọn lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ oko àti ilé. Èkíní ni àáró. Àwọn ẹlẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra yóò kó ara wọn jọ. Lónìí wọn yóò kọ ebè iṣu fún ẹnìkan, ní ọjọ́ mìíràn wọn yóò lọ sí oko ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Kò sí owó níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀fẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá jẹ àáró tí kò san án, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò mọ̀, a kò sì ní pè é mọ́. Ọ̀tún ń wẹ òsì, òsì ń wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Èkejì ni ọ̀wẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ńlá wà lọ́rùn rẹ̀, bóyá ilé ni ó fẹ́ bò ní koríko, bóyá oko àna ni ó fẹ́ ro, yóò bẹ àwọn ènìyàn lọ́wẹ̀. Kò sí àsanpadà tí a fi ìwọ̀n wọ̀n níhìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ gbọ́dọ̀ pèsè oúnjẹ àti ohun mímu, kí ó sì wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ọ̀rọ̀ náà: a kì í pàṣẹ ọ̀wẹ̀, bíbẹ̀ ni a ń bẹ̀ ẹ́.

Ó kan ààfin pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, àwọn ará àdúgbò ni ó ń tún ògiri ààfin mọ, tí wọ́n sì ń la ọ̀nà tí ó lọ sí ìlú kejì. Iṣẹ́ ọba ni, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ojú di ìpè ọba. Ṣùgbọ́n ọba tí a bá ṣe iṣẹ́ fún a máa bọ́ àwọn tí ó ṣe é. Ní ọjọ́ ọ̀dá tàbí ọjọ́ ogun, òun náà ni wọn yóò sá tọ̀. Àwọn Fọ̀n aládùúgbò wa ní irú ètò yìí tí wọ́n ń pè ní dokpwe, tí ó ní olórí tirẹ̀. Melville Herskovits, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí Dàhòmì tí ó jáde ní 1938.

Láti ara àáró àti ọ̀wẹ̀ ni a ti lè lóye ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ní bàbá ẹgbẹ́, ìyá ẹgbẹ́ àti akápò. Ó ní aṣọ kan náà fún ọjọ́ àjọ̀dún. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá bímọ tàbí tí ó bá ṣòfò, gbogbo wọn ni yóò yọ sí i. Èsúsú tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá, àáró ni, owó ni a kàn fi rọ́pò ọkọ́: olúkúlùkù ń dá iye kan náà, ẹnìkan a sì kó gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá kàn án. Ìpàdé pẹ̀lú ń lọ láti ilé dé ilé, ẹni tí ó bá sì kàn ni ó ń tọ́jú àlejò. Nígbà tí Paul Harris àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Rotary sílẹ̀ ní Chicago ní 1905, láti ọ́fíìsì ọmọ ẹgbẹ́ kan dé ti ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé. Inú yíyí káàkiri náà ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn ti wá. Ohun tí a ń pè ní àṣà òyìnbó lónìí kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa.

Kí ni ó wá ba nǹkan jẹ́? Ìjọba Faransé ni. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu ní 1900 dé Ṣábẹ̀ẹ́ ní nǹkan bí 1911. Ó mú ọjà àti àlejò wá, ó sì sọ ìlú di ibùdókọ̀ pàtàkì. Ṣùgbọ́n nípasẹ̀ àwọn olóyè ni ìjọba ń kó òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, òfin mú kí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan máa fi ọjọ́ mélòó kan lọ́dún ṣe iṣẹ́ ọ̀nà láìgba owó. Alákòóso sì lè fi ẹni tí ó bá kọ̀ sẹ́wọ̀n láìgbé e lọ sí kóòtù. Ní Dàhòmì, ọ̀pọ̀ ọba ni a sọ di olórí kántọ̀nù, tí ń gba owó orí, tí ń ka iye orí fún òyìnbó.

Ibí ni ọgbẹ́ náà wà. Ẹnu tí ó ń bẹ̀ tẹ́lẹ̀ di ẹnu tí ń pàṣẹ. Ẹni tí ó pe iṣẹ́ kò sí níbi iṣẹ́, kò bọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sí ọjọ́ tí yóò san án padà. Àwọn ènìyàn fi ẹsẹ̀ dáhùn. A. I. Asiwaju, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá tí ó jáde ní 1976, fi hàn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní apá Faransé, tí wọ́n ré ààlà kọjá sí apá Gẹ̀ẹ́sì, nítorí iṣẹ́ àfipáṣe, owó orí àti ìkónisógun. Ó di 11 April 1946, nípa òfin tí Félix Houphouët-Boigny gbé síwájú ilé aṣòfin ní Paris, kí iṣẹ́ àfipáṣe tó dópin nínú òfin.

Ṣùgbọ́n òfin kì í tètè pa ìrántí rẹ́. Lẹ́yìn òmìnira ní 1960, àti lábẹ́ ìjọba Mathieu Kérékou tí ó gba ìlànà Marx ní 1974, àṣẹ iṣẹ́ ìlú tún ń wá láti òkè. Ìpàdé àpapọ̀ orílẹ̀-èdè ti February 1990 ni ó tún ṣí ọ̀nà sílẹ̀ kí ẹgbẹ́ lè máa pọ̀ sí i, kí ọmọ ìlú tí ó wà ní Kútọnu, ní Àjàṣẹ́ tàbí ní òkè òkun lè máa fi ọwọ́ kún iṣẹ́ ilé.

Nítorí náà, ẹni tí ó fi ara pamọ́ fún iṣẹ́ ìlú lè máà jẹ́ ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ pé ohùn ìpè náà jọ ohùn tí bàbá àgbà rẹ̀ sá fún. Àwa tí a wà lẹ́yìn odi ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́ èyí. A ń fi owó ránṣẹ́, a sì ń retí kí àwọn tí ó wà nílé gbẹ́ kòtò, kí wọ́n ro àyíká ilé ìwé, kí wọ́n sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Owó dára, kò sì sí ẹni tí yóò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a kò bá wà níbẹ̀, tí a kò bá wọn jẹun, tí àáró tiwa kò sì kàn láé, kí ni ìyàtọ̀ wa sí ẹni tí ń ka iye orí?

Kí ẹgbẹ́ tó pe iṣẹ́ kan, ẹ jẹ́ kí a máa bi ara wa ní ohun mẹ́ta. Ta ni a bẹ̀, ṣé a sì bẹ̀ ẹ́ ní tòótọ́? Ta ni yóò bọ́ àwọn òṣìṣẹ́? Oko ta ni ó kàn lẹ́yìn èyí? Nínú ìwé ẹgbẹ́, níbi tí a ń kọ iye owó tí olúkúlùkù dá sí, ẹ jẹ́ kí a máa kọ ọjọ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ ìlú tí ó bá wálé ọdún lè fi òwúrọ̀ kan ro àyíká ààfin pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, kí ó sì jókòó bá wọn jẹun. Bí a bá ti rí i tí ó mú ọkọ́, kò ní ṣòro fún un láti bẹ àwọn ẹlòmíràn lọ́wẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn.

Kí Oníṣábẹ̀ẹ́ pẹ́ lórí oyè. Kí ìlú tí ó ń bẹ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wẹ̀ má ṣe àìrí ẹni tí yóò dá a lóhùn.