Àwọn Àwo Orin Jamala

Jamala, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Susana Jamaladinova, jẹ́ olórin ọmọ ẹ̀yà Tátà ti Kríméà ní orílẹ̀-èdè Ukréìn. Wọ́n bí i ní 1983. Àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́, For Every Heart, jáde ní 2011. All or Nothing tẹ̀ lé e ní 2013, Podykh sì dé ní 2015. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Kyiv ló ti kọ́ orin ọ́pẹ́rà, ó sì hàn nínú ohùn rẹ̀.

Orin "1944" ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1944 ni orin náà dá lé: ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni ìjọba Stalin fi tipátipá kó àwọn Tátà kúrò ní Kríméà lọ sí àárín gbùngbùn Éṣíà. Ìyá ńlá kan nínú ìdílé Jamala wà lára wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sì kú lójú ọ̀nà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ orin náà, àmọ́ ègbè rẹ̀ jẹ́ èdè Tátà. Àmì 534 ló fi gba ipò kìíní nínú ìdíje Eurovision ní Stockholm ní 2016. Orin ọ̀fọ̀ kì í sábà borí níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, àwo orin Kryla (2018) àti Svoi (2021) ló kàn.

Iṣẹ́ tó jinlẹ̀ jù lọ ni QIRIM (2023): orin ìbílẹ̀ Tátà 14 láti oríṣiríṣi agbègbè Kríméà, tí àwọn olórin tó lé ní 80 bá a gbé kalẹ̀. Òun ló fi gba Ẹ̀bùn Shevchenko ti Ukréìn ní 2024.