Àtúntò kóòdù nípasẹ̀ igi ìhun

Àtúntò kóòdù nípasẹ̀ igi ìhun jẹ́ ọ̀nà tí a ń gbà fi ètò kọ̀ǹpútà kan tún kóòdù ètò mìíràn kọ, láì yí iṣẹ́ tí ètò náà ń ṣe padà. Irinṣẹ́ náà yóò kọ́kọ́ tú kóòdù sí igi, yóò ṣe àtúnṣe lára igi náà, lẹ́yìn náà ni yóò tún un kọ jáde bíi kóòdù.

Ẹni tó bá ti kẹ́kọ̀ọ́ gírámà Yorùbá kò ní ṣàjèjì sí irú igi bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn "Olú ra ilé" pín sí àpólà-orúkọ (Olú) àti àpólà-ìṣe (ra ilé), èyí tí òun náà tún pín sí ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni owo = iye * 2 rí: ẹ̀ka kan ni owo, ẹ̀ka kejì ni ìsọdipúpọ̀ tí iye àti 2 wà lábẹ́ rẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lo irú ìhun onígi láti ṣàfihàn ìgbésókè-gbésódò ohùn nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè ka Yorùbá sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn ni igi tirẹ̀ dá lé, kì í ṣe kóòdù.

Ìdí tí a fi nílò igi

Ká ní ẹnì kan fẹ́ yí orúkọ ile padà sí ibugbe. Bí ó bá kàn wá a, tí ó sì pààrọ̀ rẹ̀ bíi lẹ́tà lásán, ile_iwe yóò di ibugbe_iwe, ọ̀rọ̀ tí ètò náà ń kọ sójú fún àwọn òǹlò pàápàá yóò sì bàjẹ́. Lórí igi, orúkọ kọ̀ọ̀kan dá dúró, ọ̀rọ̀ inú àmì àyọlò sì wà ní ẹ̀ka tirẹ̀.

Àǹfààní yìí tún pọ̀ sí i fún ẹni tó ń kọ orúkọ pẹ̀lú àmì ohùn, èyí tí Python 3 gbà láyè. Ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nínú ọjọ́: ó lè jẹ́ ọ pẹ̀lú àmì òkè, ó pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, tàbí o pẹ̀lú àmì méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ìwákiri lásán lè rí ọ̀kan kí ó fo èkejì. Python a máa sọ gbogbo orúkọ di ìrísí kan ṣoṣo kí wọ́n tó dé orí igi.

Ìtàn

Ní 1992, William Opdyke kọ àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí àtúntò kóòdù ní Yunifásítì Illinois, ní Amẹ́ríkà. Ní yunifásítì yìí kan náà ni John Brant àti Don Roberts ti ṣe irinṣẹ́ àtúntò fún èdè Smalltalk. Ìwé Martin Fowler ti 1999 ló wá mú kí ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Nígbà tí Python 3 jáde ní 2008, irinṣẹ́ 2to3 ló ń sọ print iye di print(iye). Àtìlẹ́yìn fún Python 2 sì parí ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, 2020.

Ààlà rẹ̀

Igi tí Python fúnra rẹ̀ ń kọ́ kì í tọ́jú àkíyèsí tí olùkọ ètò kọ fún ènìyàn, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ló ń sọnù bí a bá tún kóòdù kọ láti ara rẹ̀. Èyí ló mú kí 2to3 lo igi mìíràn tí ń pa àlàfo àti àkíyèsí mọ́. Orúkọ tí ètò ṣẹ̀ṣẹ̀ tò pọ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ kò sí lórí igi kankan, irinṣẹ́ kò sì lè yí i padà. Ìdí nìyí tí a fi ń dán ètò wò lẹ́yìn àtúntò.