Zircon, Àlejò Inú Àpáta Johannesburg

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ayédèrú dáyámọ́ǹdì ni zircon. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe rò títí di ọjọ́ tí mo yà sí ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta òkúta iyebíye ní Johannesburg. Ó ní kí n má ṣi òkúta náà pè: cubic zirconia ni wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́, inú ilẹ̀ ni zircon ti ń wá.

Ó fún mi ní awò kékeré. Mo wo inú òkúta aláwọ̀ búlúù kan, mo sì rí igun ẹ̀yìn rẹ̀ ní méjì-méjì. Zircon máa ń pín ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ inú rẹ̀ sí méjì. Dáyámọ́ǹdì àti cubic zirconia kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń tàn yinrin, ó wúwo, ó le ju gíláàsì lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ tètè máa ń ṣán.

Ọ̀rọ̀ mi kò mọ sórí ẹwà. Ní 1886 ni wọ́n rí wúrà ní Langlaagte, ibẹ̀ sì ni ìtàn Johannesburg ti bẹ̀rẹ̀. Nínú àpáta tó gbé wúrà yẹn, hóró zircon wà tó kéré bí iyanrìn. Uranium díẹ̀ wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan, ó sì ń di òjé díẹ̀díẹ̀ ní ìwọ̀n tí kì í yí padà. Àwọn onímọ̀ máa ń wọn méjèèjì láti mọ ọjọ́ orí hóró náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lé ní bílíọ̀nù 3 ọdún. Wọ́n dàgbà ju àpáta tó gbé wọn lọ. Odò ló gbá wọn wá láti ibòmíràn kí iyanrìn náà tó di àpáta.

Àlejò ni wọ́n. Àlejò náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó wa wúrà ọ̀hún: wọ́n wá láti Mozambique, Lesotho àti Malawi, àwọn kan sì gbé àìsàn eruku inú ẹ̀dọ̀fóró padà sílé. Síbẹ̀, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, ìkọlù sí àwọn àjèjì bẹ̀rẹ̀ ní Alexandra, ó tàn kálẹ̀, ẹ̀mí tó lé ní 60 sì bọ́.

Kí a má fi ọwọ́ òsì júwe ilé ẹlòmíràn. Ghana lé àwọn àjèjì jáde ní 1969, àwọn Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Ní 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Ghana.

Bí ẹnìkan bá bi mí ní Johannesburg pé ìgbà wo ni mo máa padà sílé, òkúta kékeré yẹn ni mo máa ń rántí. Bó ti wù kí onílé walẹ̀ jìn tó níbẹ̀, àlejò ni yóò bá nísàlẹ̀.