Awọ Pupa Tí Ó Ń Jẹ́ Orúkọ Ẹlòmíràn

Èdè Faransé ní ọ̀rọ̀ kan tí ó fi ń pe gbogbo ohun èlò kéékèèké tí a fi awọ ṣe: maroquinerie. Àpò owó wà lábẹ́ rẹ̀, àpò ìfàlọ́wọ́ àwọn obìnrin wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àpò kékeré tí a ń kó kọ́kọ́rọ́ sí. A kọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ilé ẹ̀kọ́, a sì ń lò ó ní Kútọnú, ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ láì bi í léèrè ilé baba rẹ̀. Bí a bá bi í, Mòrókò ni yóò wí pé òun ti wá. Ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé.

Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tí ó kéré jù nínú àwọn ohun èlò wọ̀nyí, àpò kọ́kọ́rọ́, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe é nínú ilé láàárín ọ̀sán kan láì ní ẹ̀rọ kankan. Awọ ewúrẹ́ méjì tí ó bára dọ́gba ni a ó gé, kí wọ́n gùn ju kọ́kọ́rọ́ lọ díẹ̀. A ó fi ọ̀bẹ mímú họ etí wọn láti ẹ̀yìn kí ó fẹ́lẹ́. A ó gbé wọn lé ara wọn, a ó sì fi irin ṣóńṣó dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àlàfo àárín ihò kan sí èkejì kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n hóró ọkà bàbà kan lọ. Òwú tí a ti fi ìda oyin pa ni a ó fi rán an, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì, kí wọ́n máa pàdé nínú ihò kan náà. Bí òwú kan bá já lọ́jọ́ iwájú, èkejì yóò ṣì di awọ mú. Ìsàlẹ̀ yóò wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Lókè, a ó fi àyè kékeré sílẹ̀ fún ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan. A ó so òrùka irin mọ́ ìdí ọ̀já náà, a ó sì ta orí rẹ̀ ní kókó. Bí a bá fa ọ̀já sókè, kọ́kọ́rọ́ á wọ inú àpò lọ. Bí a bá tú u sílẹ̀, wọ́n á yọrí.

Èyí kì í ṣe ọgbọ́n àjèjì. Ohun iyebíye tí kò yẹ kí ojú rí tàbí kí òjò pa, inú awọ tí a rán etí rẹ̀ pọ̀ ni àwọn baba wa ń fi í sí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe tírà. Bẹ́ẹ̀ náà ni làbà Ṣàngó, àpò ńlá tí àwọn onísìn Ṣàngó ń gbé kọ́ èjìká, tí ẹdùn àrá ń gbé inú rẹ̀. Ìbòjú làbà a máa pín sí ojú mẹ́rin, a ó sì fi awọ oríṣiríṣi àwọ̀ gé ọnà lé orí ojú kọ̀ọ̀kan. Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin ni a mọ̀ jù fún irú iṣẹ́ yìí. Ní ti àwọn ará àríwá wa, ẹni tí ó bá ti rí ẹṣin àwọn Wasangari níbi ọdún Gààní ní Níkì ti rí ohun tí awọ lè dà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ibo ni awọ pupa náà ti ń wá? Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ilẹ̀ Haúsá ni. Ibẹ̀ ni ewúrẹ́ pupa wà, èyí tí àwọn ará Nìjẹ̀ẹ́ fi orúkọ ìlú Màràdí pè, tí awọ rẹ̀ lókìkí nítorí pé ó rọ̀, tí ó sì le. Wọn a rẹ awọ tútù sínú omi eérú kí irun rẹ̀ lè ṣí, wọn a họ ọ́, wọn a sì tún rẹ ẹ́ sínú omi tí a gún èso bàgàrúwà sí, igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí oje rẹ̀ kì í jẹ́ kí awọ rà. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò pa á láró pupa pẹ̀lú omi pòròpórò ọkà bàbà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé ohun àràmàǹdà ni aró yìí: òun náà ni àwọn obìnrin Fúlàní fi ń sọ wàgáṣì di pupa kí wọ́n tó gbé e wá sí ọjà wa. Wàràkàṣì tí a jẹ lánàá àti làbà Ṣàngó lè jẹ́ ọmọ ìyá ní ti àwọ̀.

Ní ọdún 1851, Heinrich Barth, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí ó ń rin ìrìn àjò káàkiri ilẹ̀ wọ̀nyí, dé Kánò. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé wọ́n ń fi awọ tí a ti ṣe, àti awọ àgùntàn tí a fi omi pòròpórò ọkà pa láró pupa, ránṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ yanturu títí dé Trípólì. Ràkúnmí ni ó ń rù wọ́n la aṣálẹ̀ já. Bí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá dé etí òkun àríwá, àwọn oníṣòwò Yúróòpù a rà á. Wọn kò rí Kánò, wọn kò rí Màràdí. Ẹni tí ó tà á fún wọn ni wọ́n rí. Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni àwọn wọ̀nyí wò. Maroquin ni wọ́n pe awọ ewúrẹ́ pupa, maroquinerie sì ti ara rẹ̀ jáde.

N kò fẹ́ kí a fi ìtàn yìí gba ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Àwọn oníṣẹ́ awọ ìlú Fẹ́ẹ̀sì ní Mòrókò jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà, awọ tiwọn sì wà lára èyí tí Yúróòpù rà. Èdè Faransé sì ti pẹ́ nínú àṣà fífi ìlú pe awọ: cordonnier, ẹni tí ń ṣe bàtà, láti ara Kọ́dọ́bà ní Sípéènì ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ohun tí ó dùn mí ni pé àwọn méjèèjì rí ẹni jẹ́rìí fún wọn nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Kánò kò ní ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́. Nígbà tí ọmọ wa bá sì ka maroquinerie, ó lè gbà pé ọgbọ́n tí a gbé wá fún wa láti òkè òkun ni, nígbà tí ó jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí irú awọ náà ti gba ìlú baba ńlá rẹ̀ kọjá, lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àwọn Haúsá tí ń gba Bọ̀rgú àti Djougou lọ ra obì.

Nítorí náà ni mo ṣe ní àbá kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń ṣe ohun èlò aláwọ tà ní àsìkò ìsinmi. Ìwé kékeré tí a ń so mọ́ ọjà náà, èdè méjèèjì ni kí ó wà lára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìwé ìròyìn yìí. Ẹ kọ porte-clés sí apá kan kí oníbàárà má bàa ṣì í. Ní apá kejì, ẹ kọ àpò kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì kọ irú awọ tí ó jẹ́, ọjà tí ẹ ti rà á, àti ohun tí ẹ fi pa á láró. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí awọ náà ti wá, ẹ bi ẹni tí ó tà á fún yín kí ẹ tó kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀.