Oníbodè Inú Káàdì: Bí Ìrìn-àjò Ṣe Di Ohun Ìfura Lójú Báńkì

Kò sí ohun tí ń tini lójú tó kí àgbàlagbà dúró níwájú tábìlì ilé ìtura ní ìlú òkèèrè, kí ẹrù rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí owó rẹ̀ wà ní báńkì nílé, kí ẹ̀rọ POS sì kọ káàdì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú àwọn tí wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀. Akọ̀wé ilé ìtura yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò béèrè bóyá káàdì mìíràn wà. Kò ní sọ ìdí tí èyí kò fi ṣiṣẹ́, nítorí òun pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Bí arìnrìn-àjò náà bá wá ráyè pe báńkì rẹ̀, tí ó fi ìṣẹ́jú 20 tẹ́tí sí orin lórí tẹlifóònù tí ń jẹ owó bí iná ti ń jẹ koríko ọ̀gbẹlẹ̀, ohun tí wọn yóò sọ fún un ni pé owó rẹ̀ pé, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ ni ó rí i pé káàdì tí ó ra epo ọkọ̀ ní Ìbàdàn lánàá ń fẹ́ sanwó yàrá ní Istanbul lónìí, ni ó bá ti ilẹ̀kùn. Wọn yóò fi kún un pé nítorí ààbò rẹ̀ ni.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ń bí nínú sábà máa ń dá kọ̀ǹpútà lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí kọ̀ǹpútà ń béèrè ti pẹ́ láyé ju kọ̀ǹpútà lọ: báwo ni ẹni tí wọ́n mọ̀ nílé yóò ṣe di ẹni mímọ̀ ní ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ bàbá rẹ̀? Àwọn ìlú olódi ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́ ní bodè, bodè sì ní oníbodè tí ń gba owó ibodè, tí ó sì ń wo ojú ẹni tí ń wọlé. Ìlàrí Aláàfin kò nílò àlàyé púpọ̀ níbẹ̀. Orí rẹ̀ tí wọ́n fá ní apá kan ti sọ ilé tí ó ti wá. Ẹlòmíràn a mú àrokò lọ́wọ́, kí ẹni tí wọ́n rán an sí lè mọ̀ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe irọ́. Oníbodè lè ṣi ènìyàn mú, ó sì lè jẹ́ oníwọra, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí arìnrìn-àjò ní níwájú rẹ̀ tí kò sí mọ́ lónìí: ó lè dá a lóhùn. Ó lè dárúkọ ẹni tí ó ń lọ kí nínú ìlú, kí wọ́n rán ọmọdé lọ pe onítọ̀hún wá. Ìtàn káàdì àwìn, láti nǹkan bí 70 ọdún sẹ́yìn, ni ìtàn bí wọ́n ṣe gba ìdáhùn yẹn lẹ́nu arìnrìn-àjò díẹ̀díẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà jìyà rẹ̀ kí káàdì tó dé. Olówó tí ń lọ sí Yúróòpù a gba lẹ́tà lọ́wọ́ báńkì rẹ̀, lẹ́tà tí ń sọ fún àwọn báńkì òkèèrè pé kí wọ́n fún ẹni tí ó mú un wá lówó. James Fargo, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ American Express, mú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ dání lọ sí Yúróòpù ní apá ìparí ọ̀rúndún 19, ó sì rí i pé bí òun bá ti kúrò ní àwọn ìlú ńláńlá, lẹ́tà náà kò yàtọ̀ sí bébà lásán. Inú bí i gidigidi. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan, Marcellus Berry, ni ó wá ọgbọ́n sí i, sọ̀wédowó arìnrìn-àjò sì jáde ní ọdún 1891. Ọgbọ́n náà kò le: ẹni tí ó rà á yóò buwọ́ lù ú nígbà tí ó ń rà á, yóò sì tún buwọ́ lù ú lójú ẹni tí ó fẹ́ fi san nǹkan fún. Bí ìbuwọ́lù méjèèjì bá jọra, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ̀rí wà lára ìwé. Ẹni tí ó ni ín àti ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò jọ wà lójú kan náà.

Káàdì ni ó yí èyí padà. Diners Club bẹ̀rẹ̀ ní New York ní ọdún 1950 fún àwọn oníṣòwò tí ń jẹun ní ilé oúnjẹ. Páálí ni káàdì wọn nígbà náà, àwọn tí ó ní in kò sì tíì pọ̀. Ìgbà tí Bank of America dá sí i ni nǹkan dàrú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1958, báńkì náà fi káàdì 60,000 ránṣẹ́ nínú lẹ́tà sí àwọn ará ìlú Fresno ní California, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè fún un. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀ pé nínú 100 oníbàárà, 4 ni kò ní san gbèsè lásìkò. Nígbà tí ètò náà tàn ká California, wọ́n rí i pé 22 ni. Àwọn olè ń jí káàdì nínú àpótí lẹ́tà, àwọn òǹtajà kan sì lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là ṣòfò, ọ̀gá tí ó dá ètò náà sílẹ̀ sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó pé ọdún méjì. Ènìyàn á rò pé èyí tó láti fi kọ́gbọ́n. Ní ọdún 1966 àwọn báńkì Chicago tún ṣe ohun kan náà, wọ́n da mílíọ̀nù káàdì sójú pópó, olè sì tún jẹun yó.

Ní ọdún 1970, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de fífi káàdì ránṣẹ́ sí ẹni tí kò béèrè fún un. Òfin náà tún sọ pé bí wọ́n bá jí káàdì ènìyàn ná, dọ́là 50 ni ó pọ̀ jù tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Àánú ńlá ni èyí jẹ́ fún ará ìlú, ṣùgbọ́n ó gbé ẹ̀rù sí orí ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ náà, bí jìbìtì bá ṣẹlẹ̀, àpò báńkì ni yóò ti jáde jù. Ẹni tí àdánù bá wà lọ́rùn rẹ̀ ni yóò fẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà dání.

Títí di àsìkò yẹn, òǹtajà ni oníbodè. Wọn a máa tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan tí ó kún fún nọ́ńbà àwọn káàdì tí wọ́n ti jí tàbí tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn, wọn a sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìtajà. Òǹtajà a ṣí i, a fi ìka tọ́ nọ́ńbà láti òkè dé ìsàlẹ̀, nígbà tí oníbàárà ń wò ó. Ìwé náà a ti gbó kí ó tó dé. Olè tí ó jí káàdì lónìí lè ná an fún ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Bí iye ọjà bá kọjá ìwọ̀n kan, òǹtajà ní láti pe báńkì tirẹ̀ lórí tẹlifóònù, báńkì náà yóò sì wá báńkì tí ó ni káàdì. Bí káàdì bá jẹ́ ti New York, tí ọjà wà ní California, wákàtí 3 ni ó wà láàrin aago àwọn méjèèjì. Báńkì ti New York lè ti palẹ̀ mọ́. Nígbà náà òǹtajà a wo àjèjì náà láti òkè dé ilẹ̀, a wo aṣọ rẹ̀, a gbọ́ ohùn rẹ̀, a sì pinnu bóyá yóò gbà á gbọ́. Kò sí iyèméjì pé ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wò tí wọ́n sì dá padà. Àìsí kọ̀ǹpútà kò sọ oníbodè di olódodo.

Dee Hock, ẹni tí ó darí ẹgbẹ́ àwọn báńkì tí a mọ̀ sí Visa lónìí, ni ó fa okùn kọ̀ǹpútà láti báńkì dé báńkì ní ọdún 1973. Ìbéèrè tí ń gba ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú lórí tẹlifóònù wá ń gba ohun tí kò tó ìṣẹ́jú kan, lọ́sàn-án àti lóru. Ire ńlá ni èyí jẹ́ fún arìnrìn-àjò, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ ti kúrò nínú ilé ìtajà. Láti ìgbà náà, ohun tí ẹ̀rọ bá sọ ni òǹtajà ń kà jáde.

Fún nǹkan bí 20 ọdún, ohun tí ẹ̀rọ ń wò kò jinlẹ̀. Ṣé wọ́n ti kéde pé káàdì yìí sọnù? Ṣé owó ṣì kù? Ní ọdún 1992, ilé-iṣẹ́ HNC Software ní San Diego gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní Falcon. Robert Hecht-Nielsen, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ tí ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kọ́ àṣà láti inú àìmọye àpẹẹrẹ. Falcon ń tọ́jú ìṣesí káàdì kọ̀ọ̀kan: ibi tí ó ti ń ra nǹkan, iye tí ó ń ná, àkókò tí ó ń jáde. Yóò fún ìnáwó kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 999. Bí máàkì náà bá ga ju ibi tí báńkì fa ìlà sí, káàdì dúró.

Ìbéèrè ti yí padà nìyẹn. Ẹ̀rọ kò béèrè mọ́ pé, "Ta ni ọ́?" Ó ń béèrè pé, "Ṣé ohun tí o ń ṣe yìí jọ ọ́?" Kí sì ni ìrìn-àjò bí kò ṣe ohun tí kò jọ ènìyàn? Arìnrìn-àjò ń ná owó ní òru ìlú rẹ̀. Ó ń wọ ilé ìtajà tí kò wọ̀ rí. Ó ń ná ní ọjọ́ kan ohun tí kì í ná ní oṣù kan, nínú owó tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tí ẹni tí ó jí káàdì ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ìṣirò ọ̀rọ̀ náà tún burú ju bí ènìyàn ti ń rò lọ. Bí ó bá ṣe pé ìnáwó 100,000 ni ó wáyé lọ́jọ́ kan, tí 100 nínú rẹ̀ jẹ́ ti olè, tí ẹ̀rọ sì já fáfá tó bẹ́ẹ̀ tí ó mú 90 nínú àwọn olè náà, tí ó sì ṣi ẹyọ kan péré mú nínú 100 olóòótọ́, iye olóòótọ́ tí yóò dá dúró jẹ́ 999. Nínú gbogbo 1,089 tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́, 90 péré ni olè. Ẹ̀rọ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàṣìṣe nìyẹn o. Àwọn báńkì mọ ìṣirò yìí dáadáa. Wọ́n gbà pé ìtìjú 999 ènìyàn kò wọ́n tó owó tí àwọn 90 ìbá jí.

Ó tọ́ kí wọ́n gba ẹ̀tọ́ báńkì náà rò. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe ti àlá. Ilẹ̀ Faransé ti fi ṣíìpù sínú gbogbo káàdì báńkì rẹ̀ kí ọdún 1993 tó wọlé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi nọ́ńbà àṣírí rọ́pò ìbuwọ́lù ní oṣù kejì ọdún 2006. Olè kò lè ṣe ẹ̀dà ṣíìpù, ṣùgbọ́n ìlà dúdú ẹ̀yìn káàdì ṣì wà níbẹ̀, ó sì rọrùn láti dà kọ. Ni wọ́n bá ń da káàdì Gẹ̀ẹ́sì kọ, wọ́n ń gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ ná ní àwọn ilẹ̀ tí kò tíì lo ṣíìpù, Amẹ́ríkà pàápàá wà lára wọn. Nítorí náà, káàdì tí ó ṣàdédé yọjú ní òkè òkun jẹ́ àmì ewu ní tòótọ́. Odi tí orílẹ̀-èdè kan mọ ni ó lé olè lọ sí ti ẹlòmíràn.

Fún ọmọ Nàìjíríà, bodè méjì ni ó dúró de káàdì rẹ̀. Èkíní ni ti orúkọ. Láti ìgbà tí lẹ́tà àwọn gbájú-ẹ̀ ti sọ 419, tí ó jẹ́ nọ́ńbà abala òfin lásán, di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, ọ̀pọ̀ òǹtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò gba káàdì tí ó bá ti Nàìjíríà wá rárá. PayPal kò ṣílẹ̀kùn fún Nàìjíríà títí di oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí ó sì ṣí i, fífi owó ránṣẹ́ ni ó gbà wọ́n láàyè, kì í ṣe gbígbà á. Èyí kò sì wá láti inú àìní ààbò káàdì: káàdì Nàìjíríà ti ń lo ṣíìpù àti nọ́ńbà àṣírí kí Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú àwọn òǹtajà tirẹ̀ lò ó ní oṣù kẹwàá ọdún 2015.

Èkejì ni ti dọ́là. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà dín iye tí ènìyàn lè fi káàdì náírà ná lókè òkun kù ní oṣù kẹrin ọdún 2015, láti dọ́là 150,000 sí 50,000 lọ́dún. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ olówó. Ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì fi òté sí dọ́là 20 lóṣù, iye tí kò tó sun yàrá kan mọ́jú ní London; àwọn mìíràn tilẹ̀ pa á tì pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ san owó ìdánwò, aláìsàn tí ó ti dé ilé ìwòsàn ní India, oníṣòwò tí ó wà ní Guangzhou, gbogbo wọn ni ó bá ara wọn níwájú ẹ̀rọ tí kò sọ ju "rárá" lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Káàdì tí ó kọ̀ nítorí ìfura àti káàdì tí ó kọ̀ nítorí àìsí dọ́là, ohùn kan náà ni wọ́n fi ń kọ̀ létí akọ̀wé. Lóòótọ́, àwọn báńkì ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀: 51 túmọ̀ sí pé owó kò tó, 59 sí pé jìbìtì ni wọ́n fura sí. Ṣùgbọ́n 05 tún wà, tí ó túmọ̀ sí "má ṣe gbà á", láìsí ìdí kankan. Ó ṣe báńkì láǹfààní, nítorí kì í tú àṣírí fún olè. Kì í sì sọ ohunkóhun fún ẹni tí ó ni owó.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn báńkì kan kò béèrè mọ́ pé kí oníbàárà sọ fún wọn kí ó tó rìnrìn-àjò. Ṣíìpù àti fóònù tí ó wà lápò rẹ̀ ti ń sọ ibi tí ó wà. Ní Nàìjíríà, nọ́ńbà ìdánilójú tí báńkì ń tẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ni ọ̀pọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé. Arìnrìn-àjò tí ó ń sá fún owó ròómù a yọ SIM ilé kúrò ní pápákọ̀ òfuurufú, a ki ti ìlú òkèèrè bọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ bá fura, yóò rán nọ́ńbà náà sí SIM tí ó ti sùn sínú pọ́ọ̀sì. Oníbodè ti rán ọmọdé lọ sí ìlú láti béèrè, ilé tí wọ́n ti tì pa ni ọmọ náà kàn.

Ní ọdún 2025, àwọn báńkì kan tún ṣí káàdì náírà fún lílò lókè òkun, pẹ̀lú òté. Síbẹ̀, àwọn tí ń ṣẹ́ dọ́là nítòsí pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà kò tíì pàdánù oníbàárà. Ẹni tí ó ń lọ a gba káàdì méjì láti báńkì méjì dání, a sì ká dọ́là bébà díẹ̀ sí abẹ́ aṣọ nínú àpótí, de akọ̀wé tí yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ tí yóò béèrè bóyá káàdì mìíràn wà.