Alágbẹ̀dẹ Tó Di Oníṣẹ́ Ọnà Lẹ́yìn Ogójì Ọdún

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tó bá ti lé lógójì ọdún kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ tó ń jẹ sílẹ̀ torí iṣẹ́ ọnà, pé láti kékeré la ti ń kọ́ ọ. Ìtàn Òṣogbo kò fara mọ́ èyí. Àṣírù Ọlátúndé, ọmọ alágbẹ̀dẹ tí wọ́n bí níbẹ̀ ní 1918, iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ló ń ṣe títí àìsàn fi dé, tí ara rẹ̀ kò gba ọmọ owú mọ́. Ní nǹkan bí 1960 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàbà ṣe yẹtí. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sórí páànù fífẹ̀. Ẹni tó bá sún mọ́ ọ̀kan nínú àwọn páànù náà yóò rí igi ńlá kan láàárín, ẹyẹ lórí ẹ̀ka, ènìyàn àti ẹranko nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ojú òòlù wẹ́wẹ́ tó tò ti ara wọn. Iná àti irin wíwúwo ló fi sílẹ̀. Kò fi ìmọ̀ sílẹ̀: ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ibi tí irin ti ń rọ̀ àti ibi tó ti ń ya, èyí tí ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò lè mọ̀ lọ́dún kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni Adébísí Àkànjí, bíríkìlà tó fi sìmẹ́ńtì mọ ẹranko bí irú èyí tó wà lára ilé àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé, kó tó wá mọ ògiri oníhò tó kún fún ère sí ilé epo kan nílùú náà àti sí igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005.

Àwọn kan yóò ní òyìnbó ló gbé wọn dìde. Òótọ́ wà níbẹ̀: òyìnbó méjì tó ń gbé Òṣogbo nígbà náà, Ulli Beier àti Susanne Wenger, rí iṣẹ́ náà, wọ́n sì wá ẹni tó ń rà á. Ṣùgbọ́n Àṣírù ti ń lu bàbà kí Mbari Mbayọ̀, ilé iṣẹ́ ọnà ní Òṣogbo, tó ṣí ní 1962, òòlù kò sì sí lọ́wọ́ àlejò kankan. Ohun tí àtakò yìí fi hàn ni pé oníbàárà ṣe pàtàkì bí ẹ̀bùn. Hubert Ògúndé, gbajúmọ̀ òṣèré tíátà, mọ èyí: ó ṣì wà nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944, ìgbà tó rí i pé èrò ń wá ló tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Àtakò tó le jù ni pé àìsàn ló lé Àṣírù, kì í ṣe pé ó yàn án. Mo gbà. Síbẹ̀, àìsàn kò kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń ya ẹyẹ sára bàbà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń rò ó láti yí iṣẹ́ padà, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ọwọ́ yín ti mọ̀, kí ẹ sì ta díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹ tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.